Ìjọ Àkọ́kọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìyàtọ̀, Ìṣọ̀kan àti Ìdarí

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn èèyàn máa ń bi mí jù lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì. Mo kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa gbà pé kò sí awuyewuye láàárín àwọn Kristẹni àkọ́kọ́, pé àwa la wá ba nǹkan jẹ́ lẹ́yìn wọn. Awuyewuye wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni ohun tí wọ́n ṣe nígbà tó dé.

Ìgbà wo gan-an là ń sọ nígbà tí a bá ní "ìjọ àkọ́kọ́"?

Níbí, láti nǹkan bí ọdún 30, tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Jésù bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní Jerúsálẹ́mù, títí dé 258, ọdún tí wọ́n bẹ́ Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, lórí. Ó lé ní igba ọdún. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìjọba Róòmù kò sí lẹ́yìn ẹ̀sìn náà, kò sì sí ọba tó lè pàṣẹ pé kí gbogbo ìjọ máa ṣe ohun kan náà. Ìṣọ̀kan yòówù tí ẹ bá rí láàárín wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n wá a.

Ṣé bákan náà ni gbogbo ìjọ wọ̀nyí ń ṣe?

Rárá o. Àwọn ará Jerúsálẹ́mù ṣì ń lọ sí Tẹ́ḿpìlì ní wákàtí àdúrà, wọ́n ń pa òfin Mósè mọ́, wọ́n sì ń kọ ọmọkùnrin wọn nílà. Ní Kọ́ríńtì, ọ̀pọ̀ nínú ìjọ ló ti bọ òrìṣà kí wọ́n tó gbàgbọ́, ẹran tí wọ́n pa níbi ìrúbọ sì ṣì ń dé ọjà tí wọ́n ti ń ra ẹran. Àwọn kan ń jẹ ẹ́ láìwẹ̀yìn, ọkàn àwọn mìíràn kò gbà á.

Ìlú Róòmù ló yé mi jù. Ní nǹkan bí ọdún 49, Késárì Claudius lé àwọn Júù kúrò níbẹ̀. Àkúílà àti Pìrìsílà ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tó kó ẹrù wọn, wọ́n sì gba Kọ́ríńtì lọ. Lẹ́yìn tí Claudius kú ní 54, àwọn Júù ń padà bọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọn onígbàgbọ́ tó jẹ́ Júù padà wá bá ìjọ tó ti wà lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe Júù, tí oúnjẹ wọn yàtọ̀, tí ọjọ́ tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ sì yàtọ̀. Ẹ wá wo orí 14 nínú lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí wọn. Ẹnìkan ń jẹ ohun gbogbo, ẹnìkan ń jẹ ewébẹ̀ nìkan. Pọ́ọ̀lù kò ní kí èyí di ìyẹn. Ó ní kí ẹni tó ń jẹ má ṣe fojú tín-ín-rín ẹni tí kò jẹ, kí ẹni tí kò jẹ má sì dá ẹni tó ń jẹ lẹ́jọ́. Ní orí 16 ó kí àwọn tó lé ní 20 lórúkọ, ìkíni náà sì fi hàn pé wọn kì í pàdé lójú kan: ìjọ kan wà nínú ilé Pìrìsílà àti Àkúílà, àwọn kan wà lọ́dọ̀ Asínkírítù, àwọn mìíràn lọ́dọ̀ Fílólógù. Àwọn tó wà káàkiri ilé bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ń sọ fún pé kí wọ́n kí ara wọn.

Kí ló dé tí àwọn opó fi di wàhálà ní Jerúsálẹ́mù?

Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6 sọ pé àwọn Júù tó ń sọ Gíríkì ń ráhùn sí àwọn Júù onílé, nítorí wọ́n ń gbójú fo àwọn opó wọn nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Ẹ ro ó wò fún opó kan. Ọ̀nà jíjìn lòun àti ọkọ ti wá, wọ́n fẹ́ lo ọjọ́ ogbó wọn nílùú mímọ́. Ọkọ kú. Kò ní ẹbí nítòsí, èdè ìlú kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, àwọn tó ń pín oúnjẹ kò sì mọ̀ ọ́n sójú. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá kórìíra rẹ̀ kí ebi tó pa á sùn.

Àwọn àpọ́sítélì kò sọ pé àwọn tó ń ráhùn fẹ́ dá ìyapa sílẹ̀. Wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ yan ọkùnrin méje. Orúkọ wọn ni Stéfánù, Fílípì, Prókórù, Níkánórù, Tímónì, Pámẹ́nà, àti Níkólásì, aláwọ̀ṣe Júù láti Áńtíókù. Orúkọ Gíríkì ni méjèèje. Ó jọ pé inú àwọn tí wọ́n ń rẹ́ jẹ gan-an ni ìjọ ti mú àwọn tí yóò máa bójú tó oúnjẹ, fún opó tiwọn àti fún opó àwọn onílé pẹ̀lú. Lójú tèmi, kò sí ìpinnu ìdarí nínú gbogbo Májẹ̀mú Tuntun tó dára jù èyí lọ. Ó dùn mí pé ìgbà tí a bá fẹ́ fi díákónì jẹ nìkan la máa ń kà á, tí a kì í kà á nígbà tí apá kan nínú ìjọ bá ní wọn ò ka àwọn sí.

Ta ló ń darí ìjọ Áńtíókù?

Áńtíókù ti Síríà ni wọ́n ti kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ní Kristẹni. Ìṣe orí 13 dárúkọ wòlíì àti olùkọ́ márùn-ún níbẹ̀. Bárnábà jẹ́ ọmọ Léfì láti erékùṣù Kípírù. Síméónì ni wọ́n ń pè ní Nígérì, ìyẹn èèyàn dúdú. Lúkíù wá láti Kírénè, tó wà ní Líbíà òde òní. Mánáénì dàgbà pọ̀ pẹ̀lú Hẹ́rọ́dù, Hẹ́rọ́dù kan náà tó ní kí wọ́n bẹ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi lórí. Ẹni ìkarùn-ún ni Sọ́ọ̀lù ará Tásù, tó ń wọ àwọn onígbàgbọ́ lọ sẹ́wọ̀n ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ìwé náà kò pe ẹnì kankan nínú wọn ní ọ̀gá àwọn yòókù. Ibi tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀ pọ̀ ni Ẹ̀mí Mímọ́ ti ní kí wọ́n ya Bárnábà àti Sọ́ọ̀lù sọ́tọ̀, àwọn mẹ́ta tó kù sì gbọ́wọ́ lé wọn, wọ́n rán wọn lọ.

Kí ni wọ́n pinnu lórí ìkọlà?

Àwọn kan wá láti Jùdíà sí Áńtíókù, wọ́n ní ẹni tí kò bá kọlà kò lè rí ìgbàlà. Ìjọ rán Pọ́ọ̀lù àti Bárnábà lọ bá àwọn àpọ́sítélì àti àwọn alàgbà ní Jerúsálẹ́mù, ní nǹkan bí ọdún 48 tàbí 49. Gẹ́gẹ́ bí Ìṣe 15 ṣe sọ, wọ́n jiyàn gan-an kí Pétérù tó dìde sọ̀rọ̀. Bárnábà àti Pọ́ọ̀lù ròyìn tiwọn. Jákọ́bù, arákùnrin Olúwa, ló wá dábàá ohun tí gbogbo wọn fọwọ́ sí. Kò sí ìkọlà fún àwọn tí kì í ṣe Júù. Kí wọ́n ṣáà yẹra fún ohun tí wọ́n fi bọ òrìṣà, ẹ̀jẹ̀, ẹran tí wọ́n fún lọ́rùn pa, àti àgbèrè. Wọ́n kọ ọ́ sí lẹ́tà, wọ́n sì rán Júdásì Básábà àti Sílà tẹ̀ lé lẹ́tà náà kí wọ́n lè fẹnu ara wọn ṣàlàyé rẹ̀.

Pọ́ọ̀lù náà sọ nínú Gálátíà 2 bí òun àti àwọn tí wọ́n ń pè ní ọwọ̀n ìjọ, Jákọ́bù, Kéfà (ìyẹn Pétérù) àti Jòhánù, ṣe bọ ara wọn lọ́wọ́: àwọn ti Jerúsálẹ́mù á mú ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn Júù lọ, Pọ́ọ̀lù àti Bárnábà á mú un tọ àwọn Kèfèrí lọ. Títù tó bá wọn lọ, Gíríkì ni, wọn kò sì fi ipá kọ ọ́ nílà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bẹ̀ Pọ́ọ̀lù fún ni pé kó máa rántí àwọn tálákà.

Ṣé lóòótọ́ ni Pọ́ọ̀lù bá Pétérù wí níta gbangba?

Lóòótọ́ ni. Pétérù wá sí Áńtíókù, ó sì ń bá àwọn onígbàgbọ́ tí kì í ṣe Júù jẹun. Nígbà tí àwọn kan dé láti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù, ẹ̀rù bà á, ó fà sẹ́yìn, kò bá wọn jẹun mọ́. Àwọn Júù yòókù tẹ̀ lé e, títí kan Bárnábà. Pọ́ọ̀lù kò ó lójú níwájú gbogbo wọn.

Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé kò yẹ kí Pọ́ọ̀lù pe àgbà sí kọ̀rọ̀ ni. Mo mọ ibi tí ìbéèrè náà ti ń wá, nítorí wọ́n kọ́ àwa náà pé a kì í tú àgbà fó láwùjọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí Pétérù dìde fi sílẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ojú wọn ló ṣe é, ojú gbogbo ìjọ ló sì ṣe é. Bí Pọ́ọ̀lù bá sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, Pétérù nìkan ni yóò gbọ́; àwọn tó ṣẹ́kù síbẹ̀ kò ní gbọ́ láti ẹnu ẹnì kankan pé ẹ̀tọ́ wọn ni láti jókòó níbẹ̀.

Lẹ́tà sí àwọn ará Gálátíà, tó sọ ìtàn yìí, kò sọ bí ìjà yẹn ṣe parí. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń ka àwọn tó rí Olúwa lẹ́yìn àjíǹde fún àwọn ará Kọ́ríńtì, orúkọ Kéfà ló kọ́kọ́ dá. Lẹ́tà Pétérù kejì sì pe Pọ́ọ̀lù ní arákùnrin wa olùfẹ́, ó tún fi kún un pé àwọn nǹkan kan wà nínú lẹ́tà rẹ̀ tó ṣòro láti yé ni. Bárnábà àti Pọ́ọ̀lù náà jà lórí Jòhánù Máàkù, wọ́n pínyà, olúkúlùkù gba ọ̀nà tirẹ̀. Nínú lẹ́tà sí Kólósè, Máàkù yìí kan náà wà lọ́dọ̀ Pọ́ọ̀lù, ó ń kí ìjọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nídìí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ní Kọ́ríńtì?

Ọ̀pọ̀ mọ ọ̀rọ̀ ìpín-sẹ́gbẹ́ ti Kọ́ríńtì: "Èmi ti Pọ́ọ̀lù," "Èmi ti Àpólò," "Èmi ti Kéfà." Àwọn ará ilé Kílóè ló mú ìròyìn yẹn dé etí Pọ́ọ̀lù. Ti ìdí oúnjẹ ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí ó burú jù ú lọ.

Kò sí ilé ìsìn nígbà náà. Ilé ẹni tó rí jájẹ ni wọ́n ti ń pàdé. Gáyù gba gbogbo ìjọ sílé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Róòmù 16 ṣe sọ, Érásítù tó jẹ́ akápò ìlú sì wà nínú wọn. Nílé olówó, yàrá ìjẹun máa ń ní àga gbọọrọ mẹ́ta tí wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ lé láti jẹun, èèyàn mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni mẹ́sàn-án nìyẹn. Àwọn tó kù á wà ní àgbàlá. Ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Róòmù pé kí onílé gbé oúnjẹ àti wáìnì gidi fún àwọn ọ̀rẹ́ pàtàkì, kí ó fún àwọn mẹ̀kúnnù ní èyí tó rẹlẹ̀. Ẹrú àti alágbàṣe kò lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó bá wù wọ́n. Kí wọ́n tó dé, àwọn tó ti jókòó láti ọ̀sán ti jẹun yó. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ wẹ́rẹ́: ebi ń pa ẹnìkan, ọtí ti ń pa ẹlòmíràn. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ dójú ti àwọn tí kò ní nǹkan kan ni. Ó ní oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ yẹn kì í ṣe ti Olúwa. Ó ní kí wọ́n máa dúró de ara wọn.

A máa ń ka orí 11 nínú 1 Kọ́ríńtì yìí kí a tó gba ìdàpọ̀, a ó sì ní kí olúkúlùkù yẹ ara rẹ̀ wò nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tí Pọ́ọ̀lù ń bá wọn wí níbẹ̀ kò pamọ́ rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró ní àgbàlá yẹn pẹ̀lú àwo òfìfo lọ́wọ́ rí i.

Owó wo ni Pọ́ọ̀lù ń gbà kiri?

Owó ìrànwọ́ fún àwọn tálákà ní ìjọ Jerúsálẹ́mù ni. Ó sọ fún àwọn ará Gálátíà àti Kọ́ríńtì pé kí olúkúlùkù máa ya nǹkan sọ́tọ̀ lọ́jọ́ kìíní ọ̀sẹ̀. Àwọn ará Makedóníà, tí àwọn náà jẹ́ aláìní, bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dá sí i. Pọ́ọ̀lù kò fẹ́ nìkan gbé owó náà. Ó ní kí ìjọ fọwọ́ ara wọn yan àwọn tí yóò gbé e lọ, ó sì sọ ìdí rẹ̀ nínú 2 Kọ́ríńtì 8: kí ẹnikẹ́ni má bàa rí àléébù lórí bí àwọn ṣe ń bójú tó ọrẹ ńlá yẹn. Ó wù mí kí gbogbo wa tí owó ìjọ ń gba ọwọ́ wa kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Kò dá a lójú pé wọn yóò gbà á. Nínú Róòmù 15, ó ní kí wọ́n bá òun gbàdúrà kí ẹ̀bùn náà lè jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù. Owó láti ọwọ́ aláìkọlà, ṣé wọ́n á nawọ́ gbà á? Ó lọ síbẹ̀síbẹ̀. Ìrìn àjò yẹn ni wọ́n ti mú un nínú Tẹ́ḿpìlì, nítorí wọ́n rò pé ó mú Tírófímù ará Éfésù, tí kì í ṣe Júù, wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀.

Ṣé olórí ìjọ wà lákọ̀ọ́kọ́, àbí Ẹ̀mí nìkan ló ń darí wọn?

Olórí wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Jerúsálẹ́mù ní Jákọ́bù pẹ̀lú àwọn alàgbà. Áńtíókù ní wòlíì àti olùkọ́. Lẹ́tà sí àwọn ará Fílípì kí "àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn díákónì", wọ́n ju ẹyọ kan lọ nílùú kan ṣoṣo. Nínú lẹ́tà sí Títù orí 1, alàgbà àti bíṣọ́ọ̀bù jọ ń tọ́ka sí ẹnì kan náà.

Àwọn àpọ́sítélì àti wòlíì arìnrìn-àjò tún wà. Ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Didache, tó ti wà láti òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkejì, tí wọ́n sì tún rí ní 1873 lẹ́yìn tó ti sọnù fún ìgbà pípẹ́, sọ bí a ṣe lè dán wọn wò. Kí ẹ gbà á bí ẹni ń gba Olúwa. Kó sun ọjọ́ kan, tàbí méjì bó bá di dandan. Bó bá sun ìkẹta, wòlíì èké ni. Nígbà tó bá ń lọ, kí ẹ fún un ní búrẹ́dì tí yóò jẹ dé ibi tí yóò sùn. Bó bá béèrè owó, wòlíì èké ni. Bó bá sọ nínú ẹ̀mí pé kí wọ́n tẹ́ oúnjẹ, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ nínú rẹ̀, wòlíì èké ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé yìí ní kí wọ́n fún wòlíì tòótọ́ tó bá fẹ́ máa gbé láàárín wọn ní àkọ́so oko àti agbo ẹran wọn, kí wọ́n sì yan bíṣọ́ọ̀bù àti díákónì tí kì í ṣe olùfẹ́ owó.

Nígbà wo ni bíṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo fún ìlú kan bẹ̀rẹ̀?

Kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà níbi gbogbo. Ní nǹkan bí ọdún 96, àwọn kan ní Kọ́ríńtì yọ àwọn alàgbà tí kò ṣẹ̀ nípò. Ìjọ Róòmù kọ lẹ́tà gígùn sí wọn, èyí tí a mọ̀ sí ti Clement bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ìjọ ló ń bá ìjọ sọ̀rọ̀. Wọ́n rán àgbà mẹ́ta, Claudius Ephebus, Valerius Bito àti Fortunatus, láti mú un lọ. Ní nǹkan bí ọdún 170, wọ́n ṣì ń ka lẹ́tà yẹn ní ìpàdé ìjọ Kọ́ríńtì.

Nígbà ìjọba Késárì Trajan, àwọn ọmọ ogun mẹ́wàá ń mú Ignatius, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, lọ sí Róòmù kí ẹranko lè pa á jẹ. Ó kọ lẹ́tà méje lójú ọ̀nà. Nínú wọn la ti kọ́kọ́ rí i kedere: bíṣọ́ọ̀bù kan, àwọn alàgbà yí i ká, àwọn díákónì pẹ̀lú wọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ohun kan lẹ́yìn bíṣọ́ọ̀bù. Bíṣọ́ọ̀bù Magnesia, Damas, kéré lọ́jọ́ orí, Ignatius sì bẹ àwọn ará ibẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe torí ìyẹn rí i fín. Bó ṣe tẹnu mọ́ ọn tó yẹn, ó jọ pé àwọn kan kò tíì gbà. Lẹ́tà tó kọ sí Róòmù kò dárúkọ bíṣọ́ọ̀bù kankan níbẹ̀.

Ipò wo ni àwọn obìnrin wà?

Fébè jẹ́ díákónì ìjọ Kẹnkíríà, òun ni Pọ́ọ̀lù sì fi lé àwọn ará Róòmù lọ́wọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀. Pìrìsílà àti ọkọ rẹ̀ mú Àpólò sọ́dọ̀, wọ́n ṣàlàyé ọ̀nà Ọlọ́run fún un yékéyéké. Júníà, pẹ̀lú Andróníkù, lókìkí láàárín àwọn àpọ́sítélì. Ní nǹkan bí ọdún 112, Pliny tó jẹ́ gómìnà Bítíníà kọ̀wé sí Trajan pé òun ti fi ìyà jẹ ẹrúbìnrin méjì tí àwọn Kristẹni ń pè ní ìránṣẹ́ ìjọ, kí òun lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ kíyè sí i: ẹrú ni wọ́n lójú Róòmù, òṣìṣẹ́ ìjọ ni wọ́n lójú àwọn ará wọn.

Ṣùgbọ́n nínú 1 Tímótì 2, ẹni tó kọ lẹ́tà náà sọ pé òun kò gba obìnrin láyè láti kọ́ni. Ohùn méjèèjì wà nínú ìwé kan náà, ìdí nìyẹn tí àwọn ìjọ fi ń jiyàn lórí rẹ̀ títí di òní. Lójú tèmi, ẹni tó bá ní kò sí obìnrin tó darí nínú ìjọ àkọ́kọ́ kò tíì ka Róòmù 16 tán.

Ṣé ẹni tó ti ṣe ẹrú rí lè di olórí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Callistus, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù láti nǹkan bí 217 sí 222, ti jẹ́ ẹrú rí. Ọ̀tá rẹ̀ ló kọ ìtàn náà, ó fẹ́ fi bú u.

Báwo ni wọ́n ṣe yanjú ìjà ọjọ́ Ọdún Àjíǹde?

Àwọn ìjọ Éṣíà Kékeré, ní Túrkì òde òní, ń ṣe é ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Nísàn àwọn Júù, ọjọ́ yòówù kó bọ́ sí láàárín ọ̀sẹ̀. Róòmù àti ọ̀pọ̀ ìjọ mìíràn ń ṣe é lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyẹn ọjọ́ Àìkú. Ní nǹkan bí ọdún 155, Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù Símínà, tó ti darúgbó gan-an, wá bá Anicetus, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, níbẹ̀. Polycarp ní bí òun ṣe bá Jòhánù ọmọ-ẹ̀yìn Olúwa ṣe é nìyẹn. Anicetus ní bí àwọn alàgbà tó ṣáájú òun ṣe fi í lé òun lọ́wọ́ nìyẹn. Èyí kò yí tìyẹn padà. Anicetus wá fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò rẹ̀, ó ní kí Polycarp darí ìdàpọ̀ mímọ́ nínú ìjọ Róòmù. Wọ́n túká ní àlàáfíà, olúkúlùkù padà sí àṣà tirẹ̀.

Ní nǹkan bí 190, Victor ti di bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, ẹni tí ìwé àwọn póòpù sọ pé ọmọ Áfíríkà ni. Ó fẹ́ yọ gbogbo ìjọ Éṣíà kúrò nínú ìdàpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Polycrates ti Éfésù dá a lóhùn pé méje nínú ìbátan òun ló ti ṣe bíṣọ́ọ̀bù, òun ni ìkẹjọ, òun ti wà nínú Olúwa fún ọdún 65, ìhàlẹ̀ kò sì lè bà òun lẹ́rù. Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù Lyons, ló kọ̀wé sí Victor. Ọjọ́ Ìsinmi ni Irenaeus fúnra rẹ̀ fara mọ́, nítorí náà kò jà fún àṣà tirẹ̀. Ó rán Victor létí ohun tí Anicetus ṣe fún Polycarp, ó sì ní ìyàtọ̀ nínú ààwẹ̀ ń fìdí ìṣọ̀kan ìgbàgbọ́ múlẹ̀.

Mo fẹ́ràn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tí kò fara mọ́ ọ̀nà wọn. Irú wọn ṣọ̀wọ́n nígbà náà, wọ́n ṣì ṣọ̀wọ́n.

Ṣé Áfíríkà lọ́wọ́ nínú èyí?

Ó lọ́wọ́ púpọ̀. Ní 180, wọ́n pa Kristẹni 12 láti Scillium ní Carthage, ní Túníísíà òde òní. Ìlú yẹn kan náà ni Cyprian ti di bíṣọ́ọ̀bù ní nǹkan bí 248. Kò pẹ́ tí Késárì Decius fi pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn rúbọ, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn ìwé náà ṣì wà, wọ́n hú wọn jáde nílẹ̀ Íjíbítì. Ọ̀pọ̀ Kristẹni rúbọ, àwọn mìíràn fowó ra ìwé. Nígbà tí ìjì náà rọlẹ̀, wọ́n fẹ́ padà. Àwọn kan ní kò sí àyè fún wọn mọ́ láé, àwọn kan ní kí wọ́n wọlé kíákíá. Cyprian ti kọ̀wé sí àwọn alàgbà rẹ̀ pé láti ìgbà tí òun ti jẹ bíṣọ́ọ̀bù ni òun ti pinnu pé òun kò ní dá nǹkan kan ṣe láìgba ìmọ̀ràn wọn àti ìfọwọ́sí àwọn ọmọ ìjọ. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní 251 ṣí ọ̀nà ìrònúpìwàdà sílẹ̀ fún wọn, ti ẹni tó ra ìwé fúyẹ́ ju ti ẹni tó rúbọ lọ.

Lẹ́yìn náà ni òun àti Stephen, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, jà lórí bóyá kí wọ́n tún ẹni tó gba ìrìbọmi lọ́wọ́ aládàámọ̀ rì bọmi. Ní 256, bíṣọ́ọ̀bù 87 pé jọ ní Carthage, olúkúlùkù sọ èrò rẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Cyprian sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó sọ ara rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Stephen kú ní 257, wọ́n sì pa Cyprian ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 258, láìsí pé èyí gbà fún ìyẹn. Ìjọ Róòmù ń ka àwọn méjèèjì sí ẹni mímọ́.

Ṣé kò sí ohun tí wọn ò lè gbà láyè ni?

Ó wà. Marcion ará Sínópè fún ìjọ Róòmù ní owó ńlá, 200,000 sẹ́sítẹ́sì, owó tí wọ́n ń ná ní Róòmù nígbà náà. Ó wá ń kọ́ni pé Ọlọ́run Májẹ̀mú Láéláé kì í ṣe Bàbá Jésù. Ní 144 wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì dá gbogbo owó rẹ̀ padà.

Ǹjẹ́ irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá?

Àpẹẹrẹ kan péré ni mo máa mẹ́nu bà. Ní 1888, àwọn Onítẹ̀bọmi kan ní Èkó kúrò lábẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà nítorí bí wọ́n ṣe ń darí ìjọ, wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀. Mojola Agbebi wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ní 1914, àwọn tó kúrò àti àwọn tó dúró tún para pọ̀ nínú Yoruba Baptist Association, Agbebi ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́.

Báwo ni ìjọ kan ṣe ń mọ àlejò tó wá láti ìjọ mìíràn?

Lẹ́tà ni. Ẹni tó bá ń rìnrìn-àjò á gba lẹ́tà lọ́wọ́ ìjọ tirẹ̀, àwọn tó bá lọ bá á gbà á sílé, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á sì pèsè ohun tí yóò fi dé ibi tó kù. Èyí ló so ìlú tó jìnnà síra pọ̀ kí ìpàdé bíṣọ́ọ̀bù kankan tó wà.

Lẹ́tà Jòhánù kẹta fi hàn bó ṣe lè bàjẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò ju ojú ewé kan lọ. Alàgbà kan ń kọ̀wé sí Gáyù, kì í ṣe Gáyù ti Kọ́ríńtì dandan, orúkọ náà wọ́pọ̀. Ó ní Dìótíréfè, tó fẹ́ máa ṣe olórí láàárín wọn, kò gba àwọn arìnrìn-àjò náà, ó ń dí àwọn tó fẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́, ó sì ń lé irú wọn kúrò nínú ìjọ. Kò fẹ̀sùn ẹ̀kọ́ èké kan an rárá. Alàgbà náà ní òun yóò sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nígbà tí òun bá dé. Kí òun tó dé, kí Gáyù máa gba àwọn àlejò náà sílé bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀.